Ìwé Ìròyìn Oṣù Kẹwàá

Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sọdá òkun,
ọkọ̀ ojú irin gbà á l'Ápápá, ó já a sí Òṣogbo,
lọ́rì ẹlẹ́pà sọ ọ́ kalẹ̀ ní Tàkíẹ́,
èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e wọ ọgbà àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi:
ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn,
tí omi iyọ̀ ti jẹ létí.

Ọdún kẹjọ lẹ́yìn ogun Hítílà ni.
Èmi ni mò ń nu bàtà Dókítà Pẹ́tígúrù,
èmi ni mò ń se omi tó ń mu.
Bó bá ti yàrá iṣẹ́ abẹ dé,
á fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá,
á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ka ti bọ́ọ̀lù
kó tó já lẹ́tà ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o.
Ẹnì kan ń jù ú, ẹnì kejì ń fi igi gbá a,
ó ń sáré yípo àpò mẹ́rin.
"Ibo ló ń sá lọ?" Bàbá Lápàdé alásè ló bi í.
"Ilé."
"Níbo ló ti gbéra?"
"Ilé náà ni."
Bàbá Lápàdé ro ọbẹ̀ títí:
"Kí ló dé tí kò kúkú jókòó?"

Nígbà tí máńgòrò so jìngbìnnì, a dá tiwa sílẹ̀.
Ọmọ odó ìyá Tìjání ni igi,
máńgòrò tútù ni bọ́ọ̀lù.
Àpò kìíní, gbòǹgbò. Ìkejì, agolo kẹrosíìnì.
Ìkẹta, àpáta tí wọ́n ń sá aṣọ aláìsàn lé.
Ọdúnọlá ọmọ nọ́ọ̀sì ló mọ̀ ọ́n gbá jù:
bó bá kò ó, á fọ́ sí méjì, oje á ta sí wa lójú,
a kì í mọ èyí tí à bá sá tẹ̀lé.

Ẹgbẹ́ ìlú Dókítà ń borí.
Mò ń fi èédú kọ iye rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná.
Wọ́n rẹ̀yìn díẹ̀ nígbà òjò;
iṣu tuntun dé, wọ́n tún gòkè.
Nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè wa, ó ku ẹyọ kan.
A gbàdúrà. Dókítà kò bẹ̀ wá.
Bàbá Lápàdé tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ṣe àmín.

Ìwé dé. Wọ́n ti pàdánù
láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá.
Gbogbo àdúrà wa lọ bá ọjà tó ti tú.
Dókítà ká ìwé náà sí mẹ́rin.
"Ó dàmọ́dún," ó ní, ó padà sí wọ́ọ̀dù.

N kò sọ fún un pé bàbá mi wà ní Tàmálè,
ó ń ta àwo tánganran, ọdún keje rẹ̀ nìyẹn.
Ìjẹrù ló ti gbéra,
ó tẹ Ìlọrin, ó tẹ Pàràkú,
ó dúró ní Tàmálè, ẹsẹ̀ kan lórí àpò,
ojú rẹ̀ sí ilé.

Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá, lóru.
Ìyá mi tú gèlè, kò wé e mọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ̀ wọlé,
ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀bá ọ̀nà:
"Ẹ tún òrùlé yàrá mi ṣe.
Mò ń bọ̀ kí máńgòrò tó so."
Mo kà á fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì.
Nígbà kẹta, ó ní ó tó.

Mo jáde. Igi ń tanná, kò tíì sí èso.
Ọdúnọlá fi àkísà di bọ́ọ̀lù, ó jù ú sí mi.
N kò mọ̀ bóyá mo gbá a.
Mo ṣáà sáré: gbòǹgbò, agolo, àpáta.
"Máa bọ̀!" ló ń pariwo. "Máa bọ̀ nílé!"
Lórí àpáta, mo dúró.