Agbégilódò Jókòó

Láti Ìkirè la ti ń bọ̀ pẹ̀lú ìtì igi àfàrà mẹ́fà
nígbà tí nǹkan dún lábẹ́ wa, kàà!
bí orúnkún àgbàlagbà tó fẹ́ dìde.
Mi ò kọ́kọ́ bìkítà.
Bẹ́dífọ́ọ̀dù tó ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi,
ta ló lè ka gbogbo ariwo rẹ̀ tán?
Ṣùgbọ́n ká tó dé Gbọ̀ngán
ẹ̀yìn rẹ̀ lápá òsì ti jókòó pátápátá,
táyà ń họ pákó, òórùn rọ́bà ń bò wá mọ́lẹ̀,
a sì ń tiro wọ Òṣogbo
bí ẹni tí ẹ̀gún gún ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Dágbólú ni ìsọ̀ Bàbá Kàsálì wà.
Kò kí mi. Ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ kí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
“Irin mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ fi sílẹ̀ níbí.
Mẹ́ta ti kán. O wá fi okùn rọ́bà so ìkẹrin.”
Mo wolẹ̀. Òótọ́ ni.
Èmi ni mo so ó lọ́dún tó kọjá,
nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọlé dé.

Ràúfù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́, fi òkúta di táyà iwájú,
ó ti jáàkì bọ abẹ́ ṣásíìsì,
ó tún fi gẹdú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
nítorí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe wí,
jáàkì kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Àwọn bóòtù kọ̀.
Wọ́n ti dógùn-ún, àwọn àti nọ́ọ̀tì ti di ara kan náà.
A da epo sí i, a dúró. A fi òòlù bẹ̀ ẹ́.
A jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. A tún padà síbẹ̀.
Ọ̀kan fohùn. Ìkejì já mọ́ Ràúfù lọ́wọ́.
Ìkẹta, àfi iná wẹ́dà ló gbọ́ èdè rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀,
tí wọ́n ń ṣí i níkọ̀ọ̀kan bí ìwé tí òjò pa,
mo rí ilà lára èyí tó gùn jù,
ilà tí wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé: mẹ́rin.
“Làmídì ló gé e,” ni Bàbá Kàsálì wí.
“Ìgbàkígbà tó bá wá síbí ló máa ń gé ọ̀kan.
Ó ní òun fẹ́ mọ iye ìgbà tí òun ti bẹ̀ ẹ́.”
Bàbá mi, tí kò mọ̀wé.
Bàbá mi, tí mo rò pé kò bẹ nǹkan kan rí.

Tòkunbọ̀ la rà, lẹ́yìn ìnájà gígùn.
Ó fi gíríìsì ra ojú wọn, ó tò wọ́n,
gígùn lókè, kúkúrú nísàlẹ̀,
bí ọmọ ìyá tí wọ́n tẹ́ ní orí ẹní kan.
“Ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀,” ló ń kígbe sí Ràúfù,
“má fún un pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!”

A sọ jáàkì kalẹ̀. Ọkọ̀ gbé ìdí sókè
bí àgbébọ̀ tó ń mumi.
Mo ní ó ti le jù.
Ó rẹ́rìn-ín: “Irin yìí ò tíì mọ ẹrù rẹ.
Ìdajì ẹrù ni kó o fún un fún ọ̀sẹ̀ méjì,
kó o padà wá, ká tún bóòtù rẹ̀ fún.”

Àwọn tó kán, alágbẹ̀dẹ ará Ìgbọ̀nà ló rà wọ́n;
àdá ni yóò fi wọ́n rọ.
Èyí tó ní ilà kò kán, ó kàn ti tẹ́ ni.
Mi ò tà á.
Mo yá ṣísẹ́ẹ̀lì Ràúfù, mo gé ìkarùn-ún.
Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Ilà náà wọ́.