Ohun Tí Pákó Ń Jẹ

Ilé pákó ni, ní Tartu, ní ilẹ̀ Ẹstóníà.
Ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ lọ.
Bí ológbò bá fò sílẹ̀ lókè,
ife tíì á dáhùn nísàlẹ̀.

Òkè ni Heldur ń gbé.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tún iná réluwé ṣe,
etí rẹ̀ mọ irin tó fẹ́ ya kí irin tó ya.
Ṣùgbọ́n sípíkà méjì tó gbé ka orí kọ́bọ́ọ̀dù,
ọ̀rọ̀ wọn kò yé e.
Gbìì. Gbìì. Bí ẹni ń fi odó gún òwú.
Ó ní, "Kì í ṣe sípíkà ló ń kọrin yìí.
Pákó ló ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ àlejò lẹ́nu."

Ó gbé wọn sórí bíríkì: bíríkì gbọ̀n.
Ó la bọ́ọ̀lù tẹníìsì sí méjì méjì, ó fi tẹ́ wọn nídìí;
wọ́n ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìdúró.
Ẹni tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ló fẹ́ là yé ènìyàn?

Ló bá gba ọ̀dọ̀ Uku lọ, agbẹ́-òkúta-ibojì,
ó ra òkúta méjì tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀:
wọ́n ṣi orúkọ olóògbé kọ,
lẹ́tà kan ṣoṣo ló ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́.
Ó da orúkọ náà dojú bolẹ̀.
Rọ́bà tó nípọn sábẹ́ òkúta, irin oníhò sórí òkúta,
yanrìn odò Emajõgi sínú irin,
yanrìn tó yan gbẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀.
Ó fi èékánná kan irin náà.
Irin ò fọhùn.
Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín.

Téèpù tó fi sí i ti pẹ́:
ẹgbẹ́ akọrin àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ,
Leida ní ìlà kejì, lọ́wọ́ òsì.
Leida tó ti kú.
Kò retí ohùn rẹ̀; ohùn ogójì ènìyàn kò ṣeé ṣà bí ẹ̀wà.
Ṣùgbọ́n kí orin tó bẹ̀rẹ̀,
ẹnìkan ṣí ìwé,
ẹnìkan yí bàtà lórí ìtàgé,
ẹnìkan wúkọ́,
ikọ́ kékeré, tó gé sí méjì, tó fi ọwọ́ bò.
Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi sùn ti ikọ́ yẹn.
Ó dá téèpù padà. Ó tún dá a padà.
Ilẹ̀ ṣú, orin kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Maimu ìsàlẹ̀ kan ilẹ̀kùn,
Maimu tó máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà bí ariwo bá pọ̀.
Heldur ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ.
Obìnrin náà ní, "Ṣé kò sí?
Ife mi ò gbọ̀n láti ọjọ́ Ajé.
Mo tẹ́tí títí, mo ní bóyá o ti..."
Kò parí ẹ̀. Ó wo òkúta, ó wo irin.
"Báwo ni n ó ṣe máa mọ̀ pé o wà?"

Heldur ò rí èsì fọ̀. Ó fún un ní àga,
ó fi ikọ́ náà sí i.
"Leida nìyẹn," ni Maimu wí, wọ́ọ́rọ́wọ́,
kò sì bọ́ ìborùn.

Láti ọjọ́ náà, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́,
yìnyín ì báà bo fèrèsé,
kí ó tó pa iná,
á bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, á jẹ́ kó já bọ́ lọ́wọ́ òun,
gbì,
ẹ̀ẹ̀kan péré, sórí pákó tí kò tẹ́ nǹkan kan sí.
Nísàlẹ̀, ife á dáhùn.