Ìgò Kẹtàdínlógún

Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ní Òkè-Fìà ni mo ti rí i,
kì í ṣe inú igbó, kì í ṣe etí odò
níbi tí àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò.
Òjò àná ṣì ń kán lára páànù.
Ó dúró láàárín okùn rẹ̀, kò tó hóró ẹ̀wà,
ikùn rẹ̀ ń dán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú aró.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ka aláǹtakùn.
Mo ní, "Ìwọ yìí, n ò mọ̀ ọ́."

Lábẹ́ maikirosikóòpù, ojú mẹ́jọ:
méjì ń wo èmi,
ìyókù ń wo ibi tó wù wọ́n.
Bàbá Bùràímọ̀ tó ń bá wa fọ ìgò bi mí pé,
"Ṣé gbogbo wọn kọ́ ni aláǹtakùn ni?"
Aláǹtakùn ni wọ́n, bàbá, ṣùgbọ́n ìlà wọn ò jọra.
Abẹ́ ikùn ni wọ́n ń kọ tiwọn sí,
ìlà tèyí kò sì sí nínú ìwé kankan.

Lẹ́tà dé: abo kan ò tó. Ẹ wá akọ.
Oṣù mọ́kànlá, èmi àti tọ́ọ̀ṣì,
lẹ́bàá ògiri rélùwéè tí ọlọ́dẹ ti pè mí lólè.
Àárọ̀ Sátidé kan ni mo bá a
lẹ́nu ìgbálẹ̀ ìyá mi,
ẹsẹ̀ márùn-ún péré ló kù.
"Ilé tí obìnrin wà," ni màmá wí, "aláǹtakùn kì í takùn síbẹ̀."
Mo fi ẹ̀mú gbé e, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.
Ìgò kẹtàdínlógún.

Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ.
Èyí gba ọdún mẹ́ta.
Mo sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró, ìyá bàbá mi,
aláró tí èékánná rẹ̀ ò mọ́ títí a fi sin ín.
Wọ́n ní òfin ni, kí n yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀.
Mo yọ ọ́ nínú ìwé.
N ò yọ ọ́ lẹ́nu.

"Orúkọ ìyá ọkọ mi lẹ fi sọ kòkòrò?"
Màmá dákẹ́ díẹ̀.
"Ṣé ó ń mú ẹ̀fọn?"
Ó ń mú un.
"Ó jọ ọ́, nígbà náà.
Ìyá yẹn ò jẹ́ kí nǹkan kọjá lójú òun."

Mo yẹ igun ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò lónìí.
Ìgbálẹ̀ ò tíì débẹ̀.