Ẹ̀rù Ló Di Ẹrù Yìí

Ní Gweta, kí ojú ọjọ́ tó là,
mo ti to gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn Tòyótà:
wíńṣì tuntun tí òórùn ìsọ̀ ṣì wà lára rẹ̀,
ṣéènì méjì, ìkọ́ irin mẹ́fà,
jáàkì tó ga ju àbúrò mi obìnrin lọ,
àti tọ́ọ̀ṣì àdésórí tí mo rà torí pé wọ́n dín owó rẹ̀.
Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Mo dúró tì í bí ọkọ ìyàwó.

Mma Seabelo dé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.
Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wò mí.
"Otsile, ta ló bá ọ di ẹrù yìí?"
Mo ní èmi nìkan ni.
"Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló di ẹrù yìí.
Gbogbo ohun tó ń já ọ láyà lo lọ rà."

Ó gbé tíì kalẹ̀, ó ń já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Wíńṣì yìí, igi wo lo fẹ́ so ó mọ́?
Ntwetwe tí a fẹ́ gbé ẹ̀rọ omi gbà kọjá,
iyọ̀ funfun ni títí ojú fi rẹ̀.
Ẹyẹ gan-an ò ríbi bà lé."
Mo ní ẹni tó tà á fún mi ní Maun ò sọ bẹ́ẹ̀.
"Ẹni tó tà á ò ní bá ọ rì."

Jáàkì, ó fi í sílẹ̀, ó wá pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sí i,
"àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣíbí inú ẹ̀kọ gbígbóná ni."
Ṣọ́bìrì méjì; ọ̀kan, ọwọ́ ti jẹ eruku rẹ̀ dán.
Pọ́ǹpù. Omi, lẹ́ẹ̀mejì iye tí mo rò.
Ó fa okùn kan yọ nínú àpò ọkà,
ó ki bí ọrùn ọwọ́ rẹ̀:
"Eléyìí a máa nà kó tó fà. Okùn tí kò lè nà, kò ní okun."

Nígbà tó kan ìkọ́ irin, ó dákẹ́.
Ó ń yí ọ̀kan lọ́wọ́ bí ẹni ń ka owó.
"Lebopo so irú èyí mọ́ bọ́ọ̀lù tirela.
Bọ́ọ̀lù náà já. Ó gba gíláàsì wọlé.
Nígbà tí mo débẹ̀,
ọwọ́ àbúrò mi méjèèjì ṣì wà lórí sítíárìn."

Mi ò bi í ní nǹkan kan.
Èmi fúnra mi ni mo kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ̀ kalẹ̀.

Létí iyọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú afẹ́fẹ́ táyà wa sílẹ̀:
"Ẹni tó fẹ́ rìn lórí ẹlẹgẹ́, kó fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ilẹ̀ náà gbà mí fún wákàtí kan,
ó ń ta bíi gúgúrú lábẹ́ mi.
Lẹ́yìn náà ó ya.
Ẹrẹ̀ dúdú gbé mi mì dé ìdí ilẹ̀kùn.
Mma Seabelo dúró lórí ipa táyà ara rẹ̀, lọ́ọ̀ọ́kán.
Kò sáré. Kò sún mọ́ mi.
Ó ju ṣọ́bìrì aláruku náà sí mi.

Mo wa ilẹ̀ títí òòrùn fi yẹ̀ lórí.
Mo wà á títí mo fi gbàgbé iye tí wíńṣì jẹ́.
Ìgbà náà ló tó na okùn,
ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àárín rẹ̀,
ó ní kí ọmọ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, kó tún kúrò sí i.
Okùn nà, ó nà, ó nà,
bí ẹni tí kò tiẹ̀ fẹ́ ṣe é mọ́,
àfi gbì! ẹrẹ̀ tu mí dànù
bí ọmọdé ti í tu oògùn kíkorò.

A gbé ẹ̀rọ náà dé. Màlúù mu omi.

Nígbà tí mo padà sílé, wíńṣì ṣì wà níbi tí a sọ̀ ọ́ sí.
Adìẹ kan ti yé ẹyin mẹ́ta sínú páálí rẹ̀.
Mi ò lé e.