Ìlà Tó Ṣófo

Iná ti lọ ní bírò wa l'Ájàṣẹ́ láti ìdájí.
Mo gbé ìwé náà lọ sẹ́bàá fèrèsé,
níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń gbé òórùn ẹja gbígbẹ wọlé,
mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Kò sí orúkọ lórí rẹ̀.
Àṣà wa nìyẹn: Mulíkátù akọ̀wé
a máa gé orúkọ kúrò kí ó tó kó ìwé lé wa lọ́wọ́,
kí á lè ka ọ̀rọ̀, kí á má ka ojú ẹni.
Òògùn òwú ni ìwé náà dá lé,
òògùn tuntun tí wọ́n fín sí oko mẹ́rìnlélógún lẹ́bàá Ṣábẹ̀ẹ́.
Kòkòrò kú. Òwú là. Oyin kò kú.
Àwọn ọmọ tó ń fín in kò wúkọ́.
Gbogbo rẹ̀ gún régé bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ní ojú-ìwé kẹsàn-án ni mo bá gbólóhùn kan pàdé:
"Ilẹ̀ kì í parọ́, àwa tí à ń wọ̀n ọ́n ló ń parọ́."
Ọwọ́ mi dúró.

Ọ̀gá Worú.
Ọ̀gá Worú tó ń fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó
lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọdún, lọ́dọọdún,
tó san owó lekòólù mi fún ọdún méjì
nígbà tí bàbá mi já lórí ọ̀pẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́;
tó ní kí n má dá a padà,
kí n ṣáà máa wọn ilẹ̀ dáadáa.

A gé orúkọ. A kò gé ohùn.

Mo ṣí ojú-ìwé tó kẹ́yìn.
Ìbéèrè kan wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ ọ́:
Ta ló náwó sí iṣẹ́ yìí? Kí ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?
Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣófo.
Kò kọ "kò sí". Kò kọ nǹkan kan.
Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i lóṣù Ọ̀pẹ, níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀,
tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun ilé-iṣẹ́ olóògùn,
àwòrán òwú lára ilẹ̀kùn.
Mo jẹ ẹran níbẹ̀. Mo jẹ dòdò pẹ̀lú.

Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.
Mo rò ó títí iná fi dé, tó tún lọ.
Bóyá ó lè sọ ọ́.
Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ la ara rẹ̀ gbàgà,
kí ará ilé rí ohun tó há sí i léyín.

Mo kọ̀wé sí Mulíkátù, tó jókòó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí mi:
"Gba ìwé yìí lọ́wọ́ mi. Mo mọ ẹni tó kọ ọ́.
Bí mo bá yìn ín, gbèsè ni mo ń san.
Bí mo bá bù ú, ó lè jẹ́ pé mo fẹ́ kí ẹ rí i
pé n kò jẹ gbèsè.
Gbé e fún Fẹlisíà ní Kútọnu, kò mọ̀ ọ́n rí."
Mo kọ̀wé sí Ọ̀gá pẹ̀lú: "Ìlà kan ṣófo, ẹ dákun.
Owó gbígbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fín in sóko rẹ̀
ló yẹ kó mọ ẹni tó sanwó ìwọ̀n."

Mulíkátù kà á, ó rẹ́rìn-ín.
"Màdáámù, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà
ló ra bébà tí a fi tẹ ìwé wa ti èṣí."

N kò rí èsì fọ̀.
Mo fa ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ jáde,
mo kọ ọ́ sínú èèpo rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà:
orúkọ ilé-iṣẹ́, iye bébà, ọdún.
Ọwọ́ mi gbọ̀n níbi iye.

Nírọ̀lẹ́, tẹlifóònù dún. Òun ni.
"Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ńkọ́?"
"Ó ń dùn ún bí òjò bá ṣú, sà."
"Mo rí lẹ́tà rẹ," ó ní.
Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkan mìíràn,
kò sì pa tẹlifóònù.
Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀.