Akápò

Lára ògiri ibojì kan ní Íjíbítì, wọ́n ya ọkùnrin kan,
ìríjú ààfin Fáráò.
Ó fi kálàmù há etí bíi káfíńtà,
ó ń ka ọkà, ó ń ka màlúù, ó ń ka ìṣà ọtí.
Ó ti ń lọ sí ẹgbàajì ọdún,
kò tíì kà á tán.

Mo ṣí ìwé àwòrán náà sílẹ̀ ní Ìjẹrù, l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
mo rántí Oyèébọ̀dé, bàbá tó bí bàbá mi,
akápò ààfin láyé owó ẹyọ.
Kò mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà.
Èédú ni kálàmù rẹ̀, ògiri yàrá ni ìwé rẹ̀:
ilà òòró, ẹgbàá kan;
ilà ìbú, ọ̀kẹ́ kan;
ilà tó wọ́, ẹni tó wí pé òjò kò rọ̀ lóko òun,
tí Oyèébọ̀dé ní kó máa lọ,
kó padà wá lẹ́yìn ìkórè.

Wọ́n ní òun alára jẹ gbèsè kú.
Ó ka owó ọba títí ilẹ̀ fi ṣú,
ẹ̀kọ àwìn ló jẹ sùn.

Lọ́dún tí bàbá mi fẹ́ gbéyàwó,
ó ra sìmẹ́ńtì àpò mẹ́fà,
ó rẹ́ ògiri náà látòkè délẹ̀,
ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún.
Gbogbo ilé ní ó dára.

Ṣùgbọ́n bí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti pẹ́ jù,
omi a jò wọnú ògiri,
ilà méjì, mẹ́ta, a yọ dúdú lára ọ̀dà.
N kì í kùn ún mọ́.
Mo máa ń gbé àpótí tì í.

Ta ló ni èyí tó wọ́ yìí?
Ṣé ó padà wá?