Orúkọ Tí Irin Ń Jẹ́ ní Cradley Heath

Aago mẹ́fà ku díẹ̀. Òtútù ti wọ irin lára
kí àwa tó dé ibẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Tibbetts ń gbọn kọ́kọ́rọ́:
"Ayífì, ìwọ àti Rimma, ẹ lọ ka àwọn ṣákúlù."
Ibíwùmí lorúkọ mi. Ayífì ni ewéko kan
tí ń fà mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn.
Mo ń jẹ́ ẹ. Owó oṣù kò mọ àmì ohùn.

Ṣákúlù: irin tó tẹ̀ bí ìwọ̀, tí a fi ọ̀pá kékeré dí lẹ́nu.
Ó lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́rin ó lé.
Ẹtí mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ṣákálá,
mo ní ọ̀rọ̀ ṣákálá náà ni,
àfi ọjọ́ tí mo bá a pàdé nínú ìwé ìtàn ọmọ mi,
ọ̀rọ̀ kan náà,
lọ́rùn ẹsẹ̀ èèyàn.

Rimma, ọmọ Daugavpils, kò gbọ́ Yorùbá,
èmi náà kò gbọ́ Rọ́ṣíà,
Gẹ̀ẹ́sì wa sì dà bí bàtà àyálò:
ó há mi lẹ́sẹ̀, ó tóbi fún un.
La bá fi irin kọ́ ara wa.
Ó gbé ṣéènì sókè, ó ní tsẹ́pì.
Mo ní ẹ̀wọ̀n.
Ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá mú: kàndàlí.
Mo ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín,
ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ń dún bí ẹni ń wọ́ ọ lórí òkúta.
Òkófì ni èyí tí àwọn akéwì wọn ń lò.
Èmi gbọ́ kọfí, mo dìde lọ gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ kan ó mú àgádágodo: sàmóòkì.
Ó tún nawọ́ síhà Dudley, sí ilé olódi ayé àtijọ́: sáàmòkì.
Ohùn nìkan ló gbé láti ẹ̀yìn wá síwájú.
Mo fò sókè! Rimma, o ò tètè sọ
pé ẹ̀yin náà mọ ohun tó ya idẹ tí ń dán
nípa sí ìdẹ tí ń pa ẹja.

Gẹ̀ẹ́sì ló le. Fẹ́tà ń de èèyàn mọ́lẹ̀,
fẹ́dà ń gbé ẹyẹ lọ.
Tibbetts pe méjèèjì, a tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀,
a kò rí ibi tí ahọ́n ti já ìdè náà.

Oṣù kejì ni mo ṣàlàyé ẹ̀wọ̀n.
Mo ní ọ̀rọ̀ kan ni, fún èyí tó wà lọ́wọ́ wa
àti fún ilé tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́,
pé ẹ̀wọ̀n kan náà ni àwọn ẹni àkọ́kọ́ fi rọ̀ wá sílé ayé.
Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.
Ó ka oríkèé ṣéènì dé mẹ́jọ, ó dúró.
"Àbúrò mi," ló wí. "Mẹ́jọ."
Kò sọ bóyá ọdún ni tàbí oṣù. N kò bi í.
Tibbetts wọlé, ó béèrè iye tí a ti kà.
A tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Lọ́sàn-án ó bu búrẹ́dì dúdú fún mi, ó ní úúsì:
ìdè tí alágbẹ̀dẹ kan kò rọ. Ìyá. Ọmọ. Ẹ̀jẹ̀.
Mo ní a mọ̀ ọ́n: okùn ọmọ ìyá yi.
Ó ní kí ni yi?
Mo fi eyín fa ẹran gbígbẹ inú abọ́ mi
títí ó fi yé e.

Aago mẹ́rin, ilẹ̀ ti ṣú. Síìpù kóòtù rẹ̀ há sí àyà.
Mọ́líníyà, ó ní, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe mànàmáná náà.
Mo fi pẹ́ńsùlù tí a fi ń ka ṣákúlù
ra á lẹ́yín lókè nílẹ̀,
ìka mi dúdú fún òróró,
mo fà á.
Ó gbéra, ó kọ́ eyín mọ́ eyín títí dé ọrùn.
Lẹ́nu ọ̀nà, òjò
ti ń dúró dè wá.